Kíkó Fáìlì Tó Ti Tutù Lọ sí Object Storage: Àwọn Ìbéèrè Tí Ẹ Máa Ń Bi Wá

Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú sáfà ọ́fíìsì la kọ èyí fún. A to àwọn ìbéèrè náà láti orí èyí tó rọrùn títí dé èyí tó máa ń fa orí fífọ́, nítorí náà ẹ lè fo èyí tí ẹ bá ti mọ̀.

Kí ni ètò yìí ń ṣe gan-an?

Ó ń wo àwọn fáìlì tó wà lórí dísìkì yín, ó ń yan èyí tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn fún iye ọjọ́ tí ẹ bá dá fún un, ó sì ń kó wọn lọ sí ibi ìpamọ́ mìíràn tí owó rẹ̀ kéré, tí wọ́n ń pè ní object storage. Kò sí ẹni tó ń jókòó ti kọ̀ǹpútà láti máa kó wọn. Ẹ̀ẹ̀kan lẹ máa kọ òfin sílẹ̀, ètò náà á sì máa tẹ̀ lé e lálaalẹ́. Tiering ni àwọn tó ń tà á sábà máa ń pè é.

Kò rí bí ìgbà tí ẹ bá fọwọ́ ara yín gbé fódà ọdún 2019 sórí dísìkì àfikún. Níhìn-ín, orúkọ fáìlì kò ní kúrò níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ mọ̀ ọ́n sí. Wọ́n á tẹ̀ ẹ́ bí wọ́n ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́, á sì ṣí. Ibẹ̀ ni ẹwà rẹ̀ wà, ibẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ wàhálà rẹ̀ ti ń wá.

Ìyàtọ̀ wo ló wà láàárín ìpamọ́ àkọ́kọ́ àti object storage?

Ìpamọ́ àkọ́kọ́ ni dísìkì tí iṣẹ́ ojoojúmọ́ ń lọ lórí rẹ̀: SSD inú sáfà, tàbí àpótí NAS tí gbogbo ọ́fíìsì so mọ́. Ó yá, ó sì wọ́n. Ẹ lè ṣí fáìlì lórí rẹ̀, kí ẹ yí ìlà kan padà láàárín, kí ẹ sì pa á dé. Bí ẹni méjì bá fẹ́ kọ nǹkan sínú fáìlì kan náà lẹ́ẹ̀kan, sáfà lè sọ fún ẹnì kejì pé kó ní sùúrù ná.

Object storage kò mọ ìyẹn. Inú bucket, ìyẹn àpò ńlá kan, ni nǹkan ń wà; object ni wọ́n ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, kálukú pẹ̀lú orúkọ gígùn tirẹ̀. Àmì "/" tí ẹ ń rí nínú orúkọ náà kì í ṣe fódà, ara orúkọ ni. Bí ẹ bá fẹ́ yí lẹ́tà kan ṣoṣo padà, odidi rẹ̀ lẹ máa kọ tuntun. Bí ẹ bá fẹ́ yí orúkọ rẹ̀ padà nínú bucket S3 (object storage ti Amazon) tí gbogbo ayé ń lò, ẹ máa dà á kọ sí orúkọ tuntun ni, kí ẹ tó pa ti àtijọ́ rẹ́.

Ohun tó mú kí èèyàn fara mọ́ gbogbo èyí ni pé owó rẹ̀ kéré, àyè rẹ̀ kì í tán, dátà inú rẹ̀ kì í sì í ṣàdédé sọnù. Amazon, tó gbé S3 jáde ní March 2006, sọ pé àwọn ṣe é kí ohun tó wà níbẹ̀ lè wà láìsọnù dé ìwọ̀n 99.999999999 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún. Èdè S3 yìí ni ọ̀pọ̀ àwọn yòókù ń gbọ́ báyìí. Ẹ lè gbé Ceph, ètò object storage kan, kalẹ̀ nínú yàrá sáfà tiyín, kí ètò tó ń kó fáìlì máa bá a sọ̀rọ̀ bíi pé S3 ló ń bá sọ̀rọ̀.

Ṣé nǹkan tuntun ni?

Rárá. Láti àwọn ọdún 1970 ni àwọn ẹ̀rọ ńlá IBM ti ń kó dátà tí wọn kò lò mọ́ kúrò lórí dísìkì, tí wọ́n sì ń dá a padà bí ẹnikẹ́ni bá béèrè rẹ̀. HSM (Hierarchical Storage Management) ni orúkọ tí wọ́n fún un. Téèpù ni wọ́n ń kó o lọ nígbà náà. Bí ẹni tó ń ta ètò tiẹ̀ fún yín bá ń pariwo pé irú rẹ̀ kò sí rí, ẹ rẹ́rìn-ín, kí ẹ sì bi í léèrè ohun tó wà nísàlẹ̀ yìí.

Báwo ni ètò náà ṣe ń mọ̀ pé fáìlì ti tutù?

Àkókò ló ń wò. Fáìlì kọ̀ọ̀kan ní àkókò tí wọ́n yí i padà kẹ́yìn, ó sì ní àkókò tí wọ́n kà á kẹ́yìn. Ti kíkà ló yẹ ká máa wò, nítorí ìwé àdéhùn tàbí àwòrán X-ray lè wà fún ọdún mẹ́ta láìyí padà, kí àwọn èèyàn sì máa ṣí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Àmọ́ àkókò kíkà yìí gan-an ni kò ṣeé fọkàn tán tó bí ẹ ṣe rò.

Lórí Linux, láti ìgbà kernel 2.6.30 ní 2009, relatime ni wọ́n ń bá wá látilẹ̀: kì í kọ àkókò kíkà tuntun àfi bí èyí tó wà níbẹ̀ bá ti ju wákàtí 24 lọ, tàbí bí wọ́n bá ti yí fáìlì náà padà lẹ́yìn kíkà tó kẹ́yìn. Ìyẹn tó wa. Ọ̀tá wa ni noatime, tí àwọn kan máa ń fi sínú /etc/fstab kí sáfà lè yára. Níbi tó bá wà, kò sí kíkà tí a ń kọ sílẹ̀ rárá, fáìlì tí ẹ ń kà lójoojúmọ́ á sì dà bí èyí tí gbogbo èèyàn ti gbàgbé. Ní ti Windows, láti ìgbà Vista ni wọ́n ti pa kíkọ àkókò kíkà lórí NTFS, àwọn ẹ̀dà tó tẹ̀ lé e kò sì ṣe bákan náà. Ẹ má méfò. Ẹ tẹ fsutil behavior query disablelastaccess, á sọ bó ṣe wà fún yín.

Òdìkejì rẹ̀ náà ń ṣẹlẹ̀: backup, ètò tó ń ṣe ẹ̀dà fáìlì pamọ́, tó ń ka gbogbo wọn lálaalẹ́ lè sọ gbogbo wọn di tuntun, kí òfin yín máà rí ohun kankan kó. Ẹ mú fáìlì kan tó dá yín lójú pé wọ́n ṣí lánàá, àti òmíràn tó dá yín lójú pé ẹnikẹ́ni kò ṣí láti ọdún mélòó kan, kí ẹ fi ls -lu wò wọ́n. Bí ọjọ́ tó jáde kò bá bá ohun tí ẹ mọ̀ mu, ẹ má tíì kọ òfin kankan.

Kí ló ń kù sílẹ̀ níbi tí fáìlì náà wà tẹ́lẹ̀?

Stub. Orúkọ fáìlì, ìwọ̀n rẹ̀, ọjọ́ rẹ̀ àti àwọn tó láṣẹ láti ṣí i, gbogbo rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, inú rẹ̀ ló ṣófo. Ó dà bí gèlè tí ẹnì kan fi sórí àga ní òde ìnáwó: àga náà ti ní ẹni tó ni ín, onítọ̀hún ni kò sí níjòókòó.

Bí ẹ bá ṣí Properties lórí Windows, ẹ lè rí i pé Size jẹ́ 1.2 GB, kí Size on disk jẹ́ 0 bytes. Àmì X aláwọ̀ eérú kékeré kan lè wà lára àwòrán fáìlì náà, ìyẹn àmì pé offline ni. Lórí Linux, ls -l á sọ ìwọ̀n tó kún, du á sì sọ òdo. Ẹ kọ́ àwọn tó ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́ ní àwọn àmì yìí kí ètò tó bẹ̀rẹ̀, torí ìpè àkọ́kọ́ tó máa wọlé ni pé "fáìlì mi ti bàjẹ́".

Àwọn ètò kan kì í lo stub, symlink ni wọ́n ń fi sílẹ̀, ìyẹn orúkọ tó kàn ń tọ́ka sí ibi tí fáìlì wà. Ìyẹn rọrùn, ó sì hàn sójú, ṣùgbọ́n ẹ dán an wò pẹ̀lú gbogbo ètò tí ọ́fíìsì yín ń lò, torí kì í ṣe gbogbo wọn ló ń tẹ̀ lé symlink.

Ṣé àwọn òṣìṣẹ́ á mọ̀ pé a ti kó fáìlì wọn lọ?

Lẹ́tà Word tí kò ju 200 KB lọ, wọn kò ní mọ̀. Ká wá sọ pé ilé tí wọ́n ti ń gé fíìmù ni, ẹni tó ń gé e sì tẹ fídíò 2 GB tó ti lọ sí cloud, lórí íntánẹ́ẹ̀tì 50 Mbps. Ìṣẹ́jú márùn-ún ó lé díẹ̀ ló máa gbà kó tó dé tán, bí ẹlòmíràn kò bá sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì náà. Ojú ètò tó ń lò á funfun, Windows á kọ Not Responding sí i lórí, á pa á, á sì tún tẹ fáìlì náà. Tó bá fi máa pè yín, ó ti tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta.

Ohun tó dára jù ni pé kí ẹ sọ fún wọn. Ẹ kọ ọ́ sí ìwé kékeré kan: fáìlì tó bá ní àmì báyìí, ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ lọ mu omi. Bí iṣẹ́ ńlá bá ń bọ̀, bí àwọn ayẹ̀wéwò tó fẹ́ wo ìwé ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, kí wọ́n fi tó yín létí lọ́jọ́ méjì ṣáájú, kí ẹ fi òru dá fódà náà padà.

Èyí tí wọ́n fi hàn wá kì í kó odidi fáìlì, block ló ń kó. Èwo ló dára jù?

FabricPool ti NetApp, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀rọ ìpamọ́, ni àpẹẹrẹ tí ọ̀pọ̀ mọ̀. Kò bìkítà fún fáìlì rárá: block 4 KB, ègé kékeré tí wọ́n pín dátà sí lórí dísìkì, ló ń wò, á kó 1,024 nínú àwọn tó ti tutù jọ sínú object 4 MB kan, á sì fi ránṣẹ́. Nítorí náà, ìdajì fáìlì kan lè wà lórí SSD yín kí ìdajì rẹ̀ wà nínú bucket. Bí wọ́n bá ka àwọn block tó tutù ní títẹ̀léra, bí antivirus ṣe ń kà, kò ní kó wọn padà sórí dísìkì. Kíkà ségesège, irú ti ẹni tó ń ṣiṣẹ́ gan-an, ló ń mú kí wọ́n padà. Ọgbọ́n gidi nìyẹn.

Ohun tí ẹ máa san fún un ni pé ohun tó wà nínú bucket náà kò ní ìtumọ̀ fún ẹnikẹ́ni àyàfi NetApp tó kó o síbẹ̀. Ẹ kò lè fi ètò mìíràn ṣí i, ẹ kò sì lè fún ẹnì kan ní ìlínkì sí fáìlì kan níbẹ̀. Ètò tó ń kó odidi fáìlì lè jẹ́ kí fáìlì wà nínú bucket pẹ̀lú orúkọ rẹ̀, kí ètò míì lè kà á. Èmi, bí àyè dísìkì nìkan bá ni ìṣòro yín, mo fara mọ́ block. Bí ẹ bá fẹ́ lo dátà náà fún nǹkan míì lọ́jọ́ iwájú, ẹ lọ fún odidi fáìlì.

Ọjọ́ mélòó ló yẹ ká dá fún un?

Ọjọ́ 31 ni FabricPool ń bá wá fún ètò rẹ̀ tó ń jẹ́ auto, ọ̀pọ̀ èèyàn sì máa ń fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Fún block, kò burú. Fún odidi fáìlì, ọjọ́ 30 ti yá jù lójú tèmi. Ọ́fíìsì ní bí ọdún rẹ̀ ṣe ń yí: àwọn ará akáńtì kì í fọwọ́ kan ìwé January mọ́ lẹ́yìn February, ṣùgbọ́n bí ọdún ìṣirò bá parí, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n máa ṣí. Tí ẹ bá dá ọjọ́ 90 fún wọn, ẹ máa kó o lọ, ẹ máa kó o bọ̀, ẹ ó sì san owó méjèèjì.

Ẹ má fi òfin kan ṣoṣo de gbogbo ilé. Fídíò iṣẹ́ tí oníbàárà ti gbà tán lè lọ lẹ́yìn ọjọ́ 60. Ti akáńtì, ẹ fi ọdún kan ó lé oṣù mélòó kan sí i.

Irú fáìlì wo ni kò gbọdọ̀ lọ?

Bí ètò yín bá ń kó odidi fáìlì, ẹ yọ fáìlì database kúrò, dísìkì ẹ̀rọ virtual, àti PST, fáìlì tí Outlook ń kó ìmeèlì pamọ́ sí. Àwọn wọ̀nyí tóbi, wọ́n sì máa ń dà bí ẹni pé wọ́n sùn, títí ètò kan yóò fi fẹ́ ka ìlà kan nínú wọn tí odidi 40 GB á sì bẹ̀rẹ̀ sí í padà bọ̀. Ẹ yọ fáìlì tí ètò fi ń ṣiṣẹ́ náà kúrò: .exe, .dll, àti fódà tí àwọn kọ̀ǹpútà ti ń gba ìmúdójúìwọ̀n.

Ẹ yọ àwọn fáìlì wẹ́ẹ́rẹ́ náà. Stub fúnra rẹ̀ ń gba àyè díẹ̀, nítorí náà fáìlì tí kò tó 64 KB kò fẹ́rẹ̀ẹ́ fún yín ní èrè kankan, ó sì máa ná yín lówó lọ́hùn-ún, bí ẹ ṣe máa rí i nísàlẹ̀.

Ṣé íntánẹ́ẹ̀tì tiwa yìí á lè gbé e?

Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé. Ká ní 10 TB lẹ fẹ́ kó lọ lórí 50 Mbps: ọjọ́ 18 àti ààbọ̀ ni, tọ̀sán-tòru, láìsí ẹlòmíràn lórí rẹ̀. Bí ẹ bá ń kó o láti aago mẹ́jọ alẹ́ sí aago mẹ́fà òwúrọ̀ nìkan, ó ju ọjọ́ 44 lọ. Kì í ṣe nǹkan burúkú, torí fáìlì tó ti tutù kò kánjú. Ìpadàbọ̀ rẹ̀ ló ń kánjú.

Ní 14 March 2024, wáyà abẹ́ òkun WACS, ACE, SAT-3 àti MainOne gé ní etíkun Côte d'Ivoire, íntánẹ́ẹ̀tì sì dẹnu kọlẹ̀ káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, Nàìjíríà kò sì yọ sílẹ̀. Ọ́fíìsì tí fáìlì rẹ̀ wà lórí dísìkì tirẹ̀ lè máa bá iṣẹ́ lọ nírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Èyí tí ìdajì fáìlì rẹ̀ jẹ́ stub, ojú orúkọ lásán ló máa máa wò. Bí iṣẹ́ yín kò bá lè dúró fún ọjọ́ méjì, ẹ wá object storage tó wà nítòsí, nínú ilé yín tàbí ní data center kan ní Èkó, kí ẹ fi ti òkèèrè ṣe ẹ̀dà kejì.

Ti iná mànàmáná náà wà ńbẹ̀. Fáìlì ńlá máa ń lọ ní wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Bí iná bá lọ láàárín, àwọn èyí tó ti dé á wà nínú bucket láìsí ẹni tó rí wọn nínú àkọsílẹ̀ fáìlì, S3 á sì máa gba owó lórí wọn. Ẹ fi òfin AbortIncompleteMultipartUpload sí bucket náà pé kó máa pa wọ́n rẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ méje.

Èló ló máa ná wa?

Iye orí GB lóṣù ni wọ́n máa ń kọ gàdàgbà síwájú, òun sì ni kò le. Àwọn tó kù ló ń fọ́ni lójú: owó lórí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan tí ètò bá rán sí bucket, owó láti ka dátà padà ní àwọn ìpele tó tutù, àti owó kí dátà jáde kúrò lọ́dọ̀ wọn wá bá yín. Owó ìjáde yìí ló ń gbé bíìlì ga jù. Àwọn kan kì í gbà á, Cloudflare R2 jẹ́ ọ̀kan, ṣùgbọ́n ẹ ka ìwé àdéhùn kálukú wọn dáadáa.

Lẹ́yìn náà ni ọjọ́ tó kéré jù. Lórí S3 Standard-IA, ìpele fún dátà tí a kì í ṣí déédéé, ohun tí ẹ bá fi síbẹ̀, ọjọ́ 30 ni wọ́n máa gba owó rẹ̀ ó kéré tán, kódà bí ẹ bá pa á rẹ́ lọ́jọ́ kejì. Lórí Glacier Deep Archive, ìpele tó tutù jù lọ lọ́dọ̀ Amazon, ọjọ́ 180 ni. Standard-IA tún ka gbogbo ohun tí kò bá tó 128 KB sí 128 KB. Ẹ kó mílíọ̀nù kan fáìlì olójú 10 KB lọ síbẹ̀: dátà yín jẹ́ 10 GB, ẹ máa sanwó 128 GB. Bẹ́ẹ̀, owó tí ẹ rò pé ẹ fi pamọ́ á gba ẹ̀yìnkùlé jáde.

Fún àwa tó ń gba owó ní náírà, iye tí wọ́n kọ síbẹ̀ lọ́dún yìí kọ́ ni ẹ máa fi ṣe bọ́jẹ́ẹ̀tì ọdún márùn-ún. Dọ́là ni wọ́n fi kọ iye wọn. Dísìkì tí ẹ bá rà, ẹ̀ẹ̀kan lẹ san án.

Ṣé fáìlì tó ti lọ síbẹ̀ ti di backup?

Kò tíì di backup. Ẹ̀dà kan ṣoṣo ló wà, ibi tó wà ló yí padà. Bí òṣìṣẹ́ bá pa stub rẹ́, ètò náà á pa ohun tó wà lọ́hùn-ún rẹ́ lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, torí ohun tí ẹ ní kó ṣe nìyẹn. Ìwọ̀n 99.999999999 tí Amazon ń sọ, dísìkì tó bàjẹ́ ló ń dáàbò bò yín lọ́wọ́ rẹ̀. Ọwọ́ èèyàn ńkọ́? Kò bá a débẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ tí backup bẹ̀rẹ̀, gbogbo fáìlì bẹ̀rẹ̀ sí í padà wá. Kí ló fà á?

Backup yín ṣí stub kọ̀ọ̀kan láti kà á, ètò náà sì rò pé èèyàn ló ń béèrè, ó ń dá wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Dísìkì á bẹ̀rẹ̀ sí í kún, ètò á tún fẹ́ máa kó òmíràn lọ láti wá àyè, gbogbo rẹ̀ á wá di bóò-lọ-o-yà-fún-mi. Bíìlì oṣù náà á sì sọ ìyókù. Èyí ni wàhálà tí à ń bá pàdé jù, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé backup tàbí antivirus ló máa ń fà á. Àwọn yòókù tó ń ṣe irú rẹ̀ ni ètò tó ń ka inú fáìlì kí ìwákiri lè yá, Finder orí Mac tó fẹ́ fi àwòrán kékeré han ohun tó wà nínú fídíò kọ̀ọ̀kan, àti ẹ̀yin fúnra yín nígbà tí ẹ bá ṣe grep -r lórí odidi fódà.

Ọ̀nà àbáyọ kì í ṣe ẹyọ kan. Backup tó mọ offline, ẹ ní kó máa gba stub nìkan. Antivirus, ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń sọ fún un pé kó fo fáìlì offline. Bí ẹ bá ń fi robocopy kó fódà, ẹ fi /XA:O kún un kó lè fo wọ́n. Lẹ́yìn náà ni ẹ máa wá bọ́tìnì kan nínú ètò tiering náà: èyí tó ń sọ pé ètò báyìí, tàbí àkáǹtì sáfà báyìí, kò lè pe fáìlì padà. Ètò tí kò bá ní bọ́tìnì yìí, ẹ má rà á.

Ẹ gbé ààlà kalẹ̀ náà. Tí ohun tó ń padà bá ju iye kan lọ láàárín wákàtí kan, kí ètò dúró kó sì fi ìmeèlì ránṣẹ́ sí yín. Ìkìlọ̀ yẹn náà ló máa kọ́kọ́ ké bí ransomware, ètò burúkú tó ń ti fáìlì pa kó lè gba owó lọ́wọ́ yín, bá wọlé, torí òun náà máa ń ṣí fáìlì gbogbo tẹ̀léra.

Ṣé òfin Nàìjíríà gbà pé kí a kó dátà àwọn èèyàn lọ sókè òkun?

Kò sọ pé rárá, kò sì fi àyè sílẹ̀ gbayawu. Nigeria Data Protection Act, tí wọ́n buwọ́ lù ní June 2023, sọ pé kí ẹni tó ń gba dátà náà wà lábẹ́ òfin tàbí àdéhùn tó dáàbò bò ó tó, tàbí kí ìdí mìíràn wà tí òfin náà kà sílẹ̀, irú bí ìyọ̀ǹda ẹni tó ni dátà. Ilé ìwòsàn àti ilé ìwé kò gbọdọ̀ fi ojú kékeré wo èyí, torí òfin kíkó fáìlì kò mọ ìyàtọ̀ láàárín àwòrán òde àríyá àti èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Ẹ fi fódà tó ní dátà èèyàn sábẹ́ òfin tirẹ̀, kí ẹ sì yan ibi tí bucket rẹ̀ wà pẹ̀lú ọwọ́ ara yín. Cape Town ni ibi tí S3 ní region (ibùdó data center) ní ilẹ̀ Áfíríkà, láti 2020.

Ẹ̀tọ́ pé kí wọ́n pa dátà ẹni rẹ́ wà nínú òfin náà. Bí ẹnì kan bá béèrè rẹ̀, tí versioning, tó ń tọ́jú ẹ̀dà àtijọ́, sì wà ní títàn lórí bucket, pípa stub rẹ́ kò tó. Àwọn ẹ̀dà àtijọ́ ṣì wà lábẹ́ rẹ̀.

A ti pa fáìlì tó pọ̀ rẹ́ ní ọ́fíìsì, kí ló dé tí bíìlì kò dínkù?

Ohun mẹ́ta ni ẹ máa wò. Ètò náà lè máa dúró fún ọjọ́ mélòó kan kó tó pa ohun tó wà lọ́hùn-ún, èyí sì dára, torí ẹ ṣì lè ní láti dá stub padà láti inú backup. Versioning lè wà ní títàn, tó ń fi àmì ìparẹ́ bò wọ́n lójú lásán. Ìkẹta ni àwọn object tí kò ní stub mọ́: ẹnì kan ti dá sáfà padà sí ipò ọ̀sẹ̀ tó kọjá, tàbí ó pa odidi volume rẹ́ láìgba inú ètò náà kọjá. Ètò tó dára ní àṣẹ kan tó ń fi ohun tó wà nínú bucket wé ohun tó wà nílé. Ẹ máa ṣe é lẹ́ẹ̀kan ní oṣù mẹ́ta, kí ẹ kọ́kọ́ ní kó kàn to orúkọ wọn sílẹ̀ kó tó pa wọ́n rẹ́.

Ṣé a lè fi Object Lock dí i fún àwọn ransomware?

Ẹ lè ṣe é, S3 ti ní Object Lock, tí kì í jẹ́ kí wọ́n pa object rẹ́, láti 2018. Nínú compliance mode, ẹnikẹ́ni kò lè pa object náà rẹ́ títí ọjọ́ rẹ̀ á fi pé, kódà ẹni tó ni àkáǹtì. Nínú governance mode, ẹni tó bá ní àṣẹ pàtàkì lè kọjá á.

Ẹ ṣọ́ra fún èyí tí ètò tiering yín ń ṣe lábẹ́lẹ̀. Àwọn tó ń kó block sábà máa ń pa object tó ti ṣófo díẹ̀ rẹ́, kí wọ́n tún ìyókù dì. Bí Object Lock kò bá jẹ́ kí wọ́n pa á, bucket á máa wú. Ẹ béèrè lọ́wọ́ olùtajà kó kọ ọ́ sílẹ̀ bóyá wọ́n fara mọ́ ọn. Tí wọn kò bá fara mọ́ ọn, inú bucket backup ni kí ẹ ti lò ó.

Ẹnì kan fi lifecycle sí bucket wa kí owó lè dínkù, àwọn fáìlì kan kò sì ṣí mọ́. Ṣé wọ́n ti sọnù?

Wọn kò sọnù. Lifecycle, ìyẹn òfin inú bucket tó ń kó object lọ sí ìpele míì tàbí tó ń pa á rẹ́, ti kó wọn lọ sí Glacier láìsọ fún ètò tiering, ìyẹn ṣì ń béèrè wọn bí ẹni pé wọ́n wà níbi tó fi wọ́n sí. S3 ń dá a lóhùn pẹ̀lú InvalidObjectState, ètò náà sì ń sọ fún òṣìṣẹ́ pé fáìlì kò ṣeé kà. Ẹ ní láti fi àṣẹ restore pè wọ́n jáde kí ẹnikẹ́ni tó lè kà wọ́n. Ní Glacier Flexible Retrieval, ìyẹn lè gba wákàtí mẹ́ta sí márùn-ún ní ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní standard. Ní Deep Archive, wákàtí 12 ni, tàbí 48 bí ẹ bá yan bulk tí owó rẹ̀ kéré jù.

Bucket tí ètò tiering bá ń lò, òun nìkan ni kó máa darí rẹ̀. Lifecycle kan ṣoṣo tí mo máa gbà níbẹ̀ ni èyí tó ń pa ìrùsókè tí kò parí rẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ kí fáìlì tún lọ sí ìpele tó tutù jù, inú ètò tiering ni kí ẹ ti kọ òfin rẹ̀, bó bá lè ṣe é.

Bí sáfà wa bá jó ńkọ́? Ṣé a lè ka ohun tó wà nínú bucket?

Ó dá lórí ohun mẹ́ta: bí wọ́n ṣe kó o, ibi tí àkọsílẹ̀ tó so stub mọ́ object wà, àti ibi tí kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi tì í wà. Bí ètò náà bá ń ti dátà kó tó rán an jáde, tí kọ́kọ́rọ́ sì wà lórí sáfà tó jó nìkan, bucket náà kún fún ohun tí ẹnikẹ́ni kò ní lè kà mọ́. Ẹ ní kọ́kọ́rọ́ àti àkọsílẹ̀ náà níbòmíràn. Kí ẹ sì dán an wò: ẹ gbé sáfà òfìfo kan kalẹ̀, ẹ dá àkọsílẹ̀ padà sórí rẹ̀, kí ẹ ṣí fáìlì kan tó ti lọ láti ọjọ́ pípẹ́.

Bí a bá fẹ́ fi olùtajà yìí sílẹ̀, báwo la ṣe máa jáde?

Ẹ ṣe ìṣirò àyè kọ́kọ́. Ká ní NAS yín jẹ́ 20 TB, stub inú rẹ̀ sì dúró fún 60 TB. Bí ẹ bá tẹ "dá gbogbo rẹ̀ padà", á kún kó tó dé ìdá kan nínú mẹ́ta, sáfà á sì dúró. Ọ̀nà kan ni kí ẹ ra tàbí yá dísìkì tó gbà á. Ọ̀nà kejì, tó ṣeé ṣe bí ètò yín bá ń kó odidi fáìlì pẹ̀lú orúkọ rẹ̀, ni kí ẹ da bucket kọ sí bucket olùtajà tuntun tààrà, fún àpẹẹrẹ pẹ̀lú rclone, ètò tó ń da fáìlì kọ láàárín àwọn bucket, kí ètò tuntun wá ṣe stub tirẹ̀ láti ibẹ̀. Bí block ni ẹ ń kó, ọ̀nà kejì yìí kò sí.

Láti 2024 ni Google àti Amazon ti sọ pé àwọn kò ní gba owó ìjáde lọ́wọ́ oníbàárà tó bá fẹ́ kúrò lọ́dọ̀ wọn. Lọ́dọ̀ Amazon, ẹ máa kọ̀wé béèrè rẹ̀ ni kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó nǹkan jáde. Ẹ béèrè láti ọjọ́ àkọ́kọ́ bóyá àṣẹ láti ka stub wà lábẹ́ láísẹ̀ǹsì tó ní ọjọ́ ìparí, kí ẹ sì rí i pé ó wà nínú ìwé àdéhùn pé bí láísẹ̀ǹsì bá parí, kíkà á ṣì máa ṣiṣẹ́, kíkó lọ nìkan ló máa dúró.